Aṣọ Tí Wọ́n Dì fún Ọkọ Mi ní Nikko

                                        Ilé Kẹrìnlá, Àdúgbò Ota,
                                        Yokohama.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá,
                                        Ọdún kọkànlélógún ìjọba Meiji.

Oriku, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá ọkọ rẹ ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé àlejò yín? Òtútù á ti máa mú yín ní Oiwake báyìí. Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Èso kákí gbígbẹ tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo dúpẹ́. Ǹ bá sọ fún ọ pé ara mi le, ṣùgbọ́n irọ́ ni n óò pa. Ẹ̀rù ń bà mí, Oriku. Láti ìjẹta ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

O mọ̀ pé fọ́tò ni mò ń kùn ní ilé iṣẹ́ òyìnbó wa. Àwa mẹ́jọ la jọ ń jókòó lórí ẹní, kálukú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti àwo ọ̀dà kéékèèké níwájú rẹ̀. Ojú ọ̀run àti ewé igi ni tèmi; Baba Kyuzo, àgbà wa, ló ń kun ojú èèyàn àti aṣọ. Ní ìjẹta, wọ́n kó ọgọ́ta fọ́tò tẹ́ńpìlì Nikko fún wa, wọ́n ní oníbàárà kan fẹ́ kó wọn wọ ọkọ̀ òkun lọ́jọ́ Ẹtì. Inú mi dùn nígbà tí mo rí ọkùnrin tó dúró lórí àtẹ̀gùn òkúta, nítorí Yohachi ọkọ mi ni. Òun ló ń ru àpótí ẹ̀rọ fọ́tò kiri fún òyìnbó, òun náà ni wọ́n sì máa ń mú dúró níwájú tẹ́ńpìlì, kí àwọn tó fẹ́ ra fọ́tò lè mọ bí ilé náà ṣe ga tó. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ funfun àwọn tó ń gun òkè lọ jọ́sìn ni wọ́n wọ̀ fún un.

Mo ní kí gbogbo wọn wá wo bí ọkọ mi ṣe gún régé. Otane tó jókòó tì mí ní, "Àbí ìwọ nìkan lo lọ́kọ ni? Jẹ́ ká gbádùn, jàre." Ṣùgbọ́n bó ṣe wò ó báyìí, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Ó fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí àyà Yohachi. Apá ọ̀tún aṣọ ló wà lókè, tó bo apá òsì mọ́lẹ̀.

Oriku, ta là ń di aṣọ fún bẹ́ẹ̀? Ìwọ àti èmi la jọ wẹ òkú ìyá mi, àwa náà la jọ fi apá ọ̀tún aṣọ funfun bo ti òsì fún wọn. O mọ ohun tí mo rí.

Otane ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Torakichi tó ń tẹ fọ́tò ló yí gíláàsì tí àwòrán wà lára rẹ̀ sódì. Wọ́n pè é wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé e lórí.

Ó ní, "Èmi kẹ̀? Ẹ ò ní rí mi mú lónìí! Ẹ wo àtùpà òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Tí mo bá yí i sódì, ṣé ẹ máa rí i kà?"

Baba Kyuzo gbé awò sójú, wọ́n kà á, kò sí ìkankan tó yí sódì nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó já sí pé bí Yohachi ṣe dúró lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn. Torakichi bá wọn lọ sí Nikko, òun ló wá jẹ́wọ́ fún wa pé ìyàwó òyìnbó ló fọwọ́ ara rẹ̀ tún aṣọ náà dì, bí òun náà ṣe ń di tirẹ̀. Ó ní, "Gbogbo wa la rí i, Yohachi náà mọ̀. Ta ló fẹ́ gbá ọwọ́ ìyàwó ọ̀gá dànù?" Láti oṣù kẹjọ ni wọ́n ti lọ sí Nikko, Oriku; ọkọ mi dé, ó jẹun, ó sùn, kò sì sọ ọ́ fún mi.

Sobei, alábòójútó wa, kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Òyìnbó wo ló máa mọ̀? Lójú tiwọn, gbogbo wa la di aṣọ sódì." Ṣùgbọ́n Baba Kyuzo ò rẹ́rìn-ín. Baba ní ikú kì í béèrè ẹni tó di aṣọ fún èèyàn.

Mo bẹ Baba pé kí wọ́n fi aṣọ yẹn sílẹ̀ fún mi. Mo po ọ̀dà funfun kó ki, mo fi bo etí aṣọ tó wà lókè, mo sì fi tàdáwà fa èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ọgọ́tọ̀ọ̀ta ni mo ṣe. Ní gbogbo ìgbà ni mò ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Yohachi, dúró jẹ́ẹ́," bí mo ṣe máa ń sọ fún un láàárọ̀ tí mo bá ń di aṣọ fún un. Sobei yìn mí, ó ní iṣẹ́ mi mọ́. Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà.

Ó di ọjọ́ kọkànlélógún tí Yohachi àti òyìnbó ti lọ ya fọ́tò èéfín òkè Asama, òkè tó máa ń yọná. Ó ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni òun óò máa kọ̀wé. Méjì ló dé, ó sì di ọjọ́ kọkànlá tí n kò gbúròó rẹ̀. Lánàá, ọkùnrin kan tó ń fi ẹṣin kẹ́rù sọ pé òkè náà ti ń wúkọ́, pé eérú ti bo ọ̀nà. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè ké sí. Ọ̀dọ̀ yín ló sún mọ́ ọn jù. Jọ̀wọ́, kí ọkọ rẹ lọ wá a, kó má gba "wọ́n ní" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó sì sọ fún un pé mo ní kó máa bọ̀ nílé.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Kí ìyá fún mi, ṣùgbọ́n má ka ìyókù yìí sí wọn létí.

Mo mọ Yohachi. Yóò ní òun ò lè sọ fún ọ̀gá pé òun ń lọ. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ọkọ rẹ sọ fún un lójú òyìnbó pé mo ti kú. Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni, mo ti rò ó dáadáa. Òyìnbó ò ní dá ẹni tó fẹ́ lọ sin ìyàwó rẹ̀ dúró. Bí ikú bá sì ń wá orúkọ kan nínú ilé wa, tèmi ni kó gbọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ń wojú ọ̀nà,
Oseki.