Àpótí Gìtá Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Àbíkẹ́yìn Wa

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ara Màmá ti ń yá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣiṣẹ́. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn kò jò mọ́.

Àpótí tí onígìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, èyí tí o rà fún àbíkẹ́yìn wa, ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O sọ fún un lórí fóònù pé òun ló bà á jẹ́. Láti ìgbà náà, kò fọwọ́ kan gìtá mọ́.

Mo tú àpótí náà wò. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ dára, ara rẹ̀ ni kò dára. Òjé lásán ni wọ́n fi lẹ ihò tí okùn iná ń wọ̀ mọ́ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, kò sí ìdè kankan tó so ó mọ́ ara àpótí. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wa ń bá ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ta gìtá lórí ìtàgé, akọrin kan ṣèèṣì fẹsẹ̀ kọ okùn iná, àpótí kú. Kí ó tó jí tán, orin ti parí. Ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin pariwo sí èrò pé, “Ẹ ní sùúrù, gìtá wa ṣì ń nu ipin ojú!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi gba onígìtá míì rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí wọn yóò máa fẹsẹ̀ tẹ̀, wọ́n ṣe é bí ẹyin. Ìwọ náà sì dá ọmọ lẹ́bi láìbéèrè. Ó dùn mí wọra.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Pe àbíkẹ́yìn wa, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kí o tó dárúkọ àpótí míì. Bí o bá máa rà, ra onírin. Tàn án ní ṣọ́ọ̀bù, kí o fa okùn iná rẹ̀ díẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́jú, má sanwó.