Ìgbà tí Òṣùwọ̀n Dúró Gbagidi

                                                  Ilé Abógúnrìn,
                                                  Àdúgbò Ìlódè,
                                                  Ilé-Ifẹ̀,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                  12 Oṣù Karùn-ún, 1996.

Roqeeb, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékúmù o. Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Ìlọrin? Mojíre ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun lẹ́yìn ìbímọ? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn? Ojú Màmá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́? Mo gbọ́ pé ooru ibẹ̀ kò jẹ́ kí èèyàn gbádùn lọ́dún yìí. Ọlọ́run á rọ òjò ìtura sí i. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Sàrátù ti wọ ilé-ìwé girama, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ.

Má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ohun kan ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi tí n kò mọ bí mo ṣe lè ròyìn rẹ̀, àfi ní báyìí tí ọkàn mi ti wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ Habibah ìyàwó mi ni. Má fòyà, ayọ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

O mọ bí Habibah ṣe sanra tó. Àwa rò pé ọlá ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà sì ti ń sún mọ́ ibi tí kò dára. Ó ní bí kò bá dín sísanra kù, oògùn nìkan kò ní lè ṣe é. Ìwọ náà rántí pé rọpárọsẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀ ní Ẹdẹ, àti bí Habibah ṣe ń gbé e wẹ̀, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìgbà tí a ti ọsibítù dé ilé ló wí pé, "Bàbá Sàrátù, n kò fẹ́ kí ọmọ mi gbé mi wẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù nìyẹn. Iyán tí o mọ̀ pé ó fẹ́ràn bí ẹyinjú, ó ń gún un fún wa, òun kì í fọwọ́ kàn án. Mínírà, búrẹ́dì, dòdò, gbogbo rẹ̀ ló pa tì. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ọsibítù bí wọ́n ṣe ń ṣírò agbára tó wà nínú oúnjẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní kálórì. Ó lọ yọ abọ́ tí Sàrátù fi ń jẹun nígbà tó wà ní jẹ́léósinmi, inú rẹ̀ ló ń bu tirẹ̀ sí.

Ara sì gbọ́. Bó bá ti gun òṣùwọ̀n ní ọsibítù lóṣooṣù, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń padà sẹ́yìn ni. Àwọn ará àdúgbò wá ń bi mí lábẹ́lẹ̀ bóyá ara ìyàwó mi kò yá. Ìyá mi wọkọ̀ wá láti Ìwó, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ayé máa wí pé ọmọ àwọn ń febi pa ìyàwó. Habibah rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Àfi bí òṣùwọ̀n ṣe dúró gbagidi. Ó gùn ún lóṣù kan, ibi tó wà ló wà. Ó tún gùn ún lóṣù kejì, bákan náà, bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kan abẹ́rẹ́ náà mọ́ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ rẹ̀ kò yí padà o. Àwọn tó ń sọ pé àìsàn ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àwọn náà ló wá ń sọ pé ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Ayé kò ṣeé tẹ́ lọ́rùn.

Ó tún wá gé oúnjẹ náà kù. Tíì tí kò ní mílíìkì tí kò ní ṣúgà láàárọ̀, ẹ̀fọ́ díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó parí. Òtútù ń mú un nínú oòrùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó ní ara òun ló ń bá òun jà, òun náà yóò sì bá a jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wọn oníbàárà rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àyọ̀kẹ́ nígbà tí òòyì gbé e. Bí kì í bá ṣe pé Àyọ̀kẹ́ gbá a mú, ì bá forí gbá ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ wá pè mí ní ọ́fíìsì, mo sáré jáde. Ìyá rẹ̀ lórí ẹní ní Ẹdẹ ni mo ń rí.

Ní ọsibítù, Ìyáàfin Ìbídàpọ̀, ẹni tó ń tọ́ àwọn aláìsàn sọ́nà lórí oúnjẹ, fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bi í ní ohun tó jẹ láàárọ̀, ó bi í ní ti àná. Mo rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló dì mú. Ó wí pé, "Ìyá Sàrátù, ara yín kò bá yín jà. Ẹ̀mí yín ló ń ṣọ́."

Ó ṣàlàyé pé ara tó ti kéré sí i kò ná oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé ìwọ̀nba tó ń mú un fọn tẹ́lẹ̀ ti wá di ìwọ̀n tó kàn tó o. Bí a bá sì tún gé e kù lójijì, ara yóò rò pé ìyàn ti mú. Yóò máa ṣọ́ ohun tó ní ná, bí ìyálé ilé tó gbọ́ pé ọ̀dá ń bọ̀ tó ń wọn èlùbọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Roqeeb, ẹnu yà mí. Mo ń wo ọwọ́ ìyàwó mi lórí aṣọ ìbora, mo ń rò ó pé kò sẹ́ni tó rán ara yìí lọ sí ilé-ìwé, síbẹ̀ ó mọ bí a ti ń fi díẹ̀ gbé ẹ̀mí ró. Ẹni tó dá a ti mọ̀ pé ìyàn yóò mú. Àwọn baba ńlá wa tó la ìyàn já kí a tó dáyé, ohun yìí náà ló pa wọ́n mọ́. Èyí tí a ń pè ní ọ̀tá, ẹ̀ṣọ́ ni.

Habibah ní, "Ẹ ní kí n jẹun?" Ó sì bú sẹ́kún.

Bẹ́ẹ̀ ni, kó jẹun: ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́, níwọ̀nba. Kó máa rìn, kó sì fún ara láyè. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, èmi pẹ̀lú rẹ̀ á mú ọ̀nà Ẹnuwá pọ̀n. Ọlọ́kadà kan tiẹ̀ ní òun á gbé wa lọ́fẹ̀ẹ́, ó rò pé a kò lówó ọkọ̀ ni.

Nígbà tó tún gun òṣùwọ̀n, abẹ́rẹ́ kò kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, yẹ̀rì rẹ̀ sì ti ń yọ̀ ní ìdí. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wọ bàtà, ó ní kí a máa lọ, aṣọ Iléyá àwọn èèyàn wà nílẹ̀ tí òun kò tíì rán tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Iléyá ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ ṣẹlẹ̀. O ti kó lọ sí Ìlọrin kí orúnkún Habibah tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Láti ìgbà náà, orí àga ló ti ń kírun, kò lè forí kanlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, èmi ni mo ń ṣe ìmáàmù ní pálọ̀, òun àti Sàrátù wà lẹ́yìn. Mo forí kanlẹ̀. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀, láti ilẹ̀, ní gìgísẹ̀ mi, ó ń ṣe àfọ̀mọ́ fún Ọlọ́run wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbórí, bóyá kò ní lè dìde. Nígbà tí mo dìde, mo gbọ́ tí òun náà dìde, kò di ohunkóhun mú.

Nígbà tí mo sálámà tán, tí ìrun parí, mo yíjú padà. Àpá ẹní hàn ní iwájú orí Habibah. Sàrátù ń sunkún. Ìyá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀, ó ní, "Mo ti gbàgbé pé ilẹ̀ máa ń tutù báyìí."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n sún sẹ́yìn díẹ̀. Sàrátù ló sọ fún mi. Ìyá rẹ̀ gbàgbé láti sọ ọ́.

Bá mi kí Mojíre, kí o sì dọ̀bálẹ̀ fún Màmá lórúkọ mi. Habibah ní òun ti rán aṣọ kékeré kan fún ọmọ tuntun, ẹni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ lọ́nà yín ni yóò bá a mú un wá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ara wa kọ̀ wá.

Èmi ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,

Rídwàn