Ètò Tí Ọkọ Mi Ní Kí N Yàn fún Àwọn Ìwé Rẹ̀

Ilé wa, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ iṣẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti gbà yín láyè láti máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ? Bí ẹ bá béèrè tèmi, ara mi le, mo sì ń jẹun. Ẹ má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó mú mi wá kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ yín.

Ọ̀gá, ilé yìí dákẹ́ jù. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló ń dún ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹnu méje ló ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, ẹ̀yin náà á wá ní, "Adákẹ́, ìwọ nìkan ni wọn ò dá ẹnu fún ni?" Mi ò mọ̀ pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ náà nílò ariwo. Níbí, omi tó ń kán nílé ìwẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ọjọ́ Ajé ni ọkọ mi máa ń lọ wa ọkọ̀ ojú irin, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń dé. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti délé ọkọ. Bó bá sì wà nílé náà, ṣe là ń bẹ̀rù ara wa. Tí mo bá gbé tíì fún un, á ní, "O ṣé." Èmi á ní, "Kò tọ́pẹ́." Ó parí nìyẹn. Ẹ ó rò pé àlejò méjì tó ń retí dókítà ni wá.

Ọkọ mi yìí ní ìwé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ibi tí ọ̀nà irin bá parí sí, ibẹ̀ ló ti ń rà wọ́n: ìwé, kásẹ́ẹ̀tì, àwo orin, àwo fídíò. Wọ́n kún yàrá, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìwé kan wà lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti rà á, torí kò rántí pé òun ti ní i. Ìgbà tó gbé ẹ̀kẹta dé, ó dúró, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Ó wá ní òun fẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú orúkọ gbogbo wọn. Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ilé wa fi oríṣi mẹ́ta sí i fún wa. Ọjọ́ mẹ́rìnlá la ní láti fi dán wọn wò. Ọkọ mi ní kí n mú èyí tó bá wù mí, ó ní, "Ìwọ lò ń bá wọn gbélé." Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ní kí n yan nǹkan rí, àfi bọ́tìnnì.

Ètò àkọ́kọ́ ní kí n gbé ẹ̀yìn ìwé síwájú kámẹ́rà fóònù, kí ó wo àwọn ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀, yóò sì dá ìwé náà mọ̀. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ìwé ọkọ mi ti gbó, wọn ò ní ìlà kankan, ètò náà ò sì mọ kásẹ́ẹ̀tì rárá. Mo gbé ìwé afárá sí i, ó ní ìwé tí àwọn ọmọdé fi ń kun ọ̀dà ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo wo ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ètò kejì le bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Àpótí mẹ́tàlélógún ló ní kí n kọ nǹkan sí lórí ìwé kan ṣoṣo: ta ló tẹ̀ ẹ́, ìlú wo, ọdún wo. Bí mo bá fo ọ̀kan, pupa ló ń tàn sí mi lójú. Ìwé mẹ́rin ni mo kọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo sunkún lórí ìkarùn-ún.

Ẹ̀kẹta ló bá mi lára mu. Àpótí mẹ́rin péré: orúkọ rẹ̀, ẹni tó ṣe é, ibi tó wà nínú ilé, àti ọ̀kan ńlá nísàlẹ̀ tó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tèmi. Lábẹ́ ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé, mo kọ ọ́ pé, "Ó wúwo. Mo ní láti jókòó." Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí ọkùnrin kan fi ń kọ́ni ní èdè òkèèrè. Yóò béèrè pé báwo ni, yóò sì dákẹ́ díẹ̀ kí èèyàn lè fèsì. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo dá a lóhùn. Òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ lónìí." Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe lójoojúmọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, òjò ń rọ̀, mo kọ ọ́ sábẹ́ àwo orin kan pé, "Mo rò pé kí ilé má baà ṣófo ló ṣe fẹ́ mi."

Ọjọ́ kejì, obìnrin kọ̀ǹpútà gòkè wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ìyàwó ni gbogbo ilé yìí ń pè mí, wọn ò mọ orúkọ mìíràn. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó! O ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ látọjọ́ yìí, o ṣojú bí ẹni tí ò lè pa èèrà!" Mo ní lẹ́tà wo? Ó ní ṣebí òun ti sọ fún mi pé ohun tí mo bá kọ sí ètò kẹta, orí fóònù ọkọ mi náà ló ń bọ́ sí. Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ojú sì ń tì mí láti sọ pé kò yé mi, mo kàn ń mi orí bí alángbá ni. Ó fi àmì ojú kékeré kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ iye ìgbà tí ọkọ mi ti ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ló ti kà. Èyí tí mo kọ nínú òjò, ìgbà mọ́kànlá láàárín ọjọ́ kan. Obìnrin náà ka ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní, "Mú ètò àkọ́kọ́. Màá bá ẹ pa gbogbo èyí rẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan mọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ mi dé. Ara mi gbóná bí irin ìlọṣọ. Ó bọ́ bàtà, ó jẹun, ó ní, "Èwo lo mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo tó fi jẹun jọ. Ó ní, "Kò sí ìkánjú." Ó fọ ife tíì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí, ó sì pẹ́ níbi omi. Ọjọ́ Ajé, ó tún lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ mẹ́rìnlá pé. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀. Bí mo bá mú ètò àkọ́kọ́, ìtìjú tán, ilé á tún padà dákẹ́. Bí mo bá mú ẹ̀kẹta, ohun tí mo kọ á wà níbẹ̀, àwa méjèèjì á máa rí i. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mú ẹ̀kẹta. Mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Mo lọ sábẹ́ àwo orin yẹn, mo fi kún un pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo tẹ̀ ẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà.

Kò fèsì lọ́jọ́ náà. Mo gbá ilé lẹ́ẹ̀mejì. Àná, mo ká aṣọ wọlé láti orí okùn, mo sì rí èsì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ́ pé, "Rárá. Ilé tó ṣófo ti mọ́ mi lára tipẹ́. Ìwọ lo ò tíì mọ́ mi lára. Mò ń gbìyànjú."

Ọ̀gá, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ dídùn ni àbí kíkorò. Mo fi ìka tẹ̀lé e títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òótọ́ ni, torí bó ṣe ń ṣe èmi náà nìyẹn. Ọ̀la ló ń bọ̀. Orí kọ̀ǹpútà la ti sọ ọ́, mi ò mọ̀ bóyá ẹnu wa á lè gbé e. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé kó tó bọ́ bàtà, èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run fún orúnkún yín lágbára, kí ọwọ́ yín má gbọ̀n lórí abẹ́rẹ́, kí oníbàárà má wọ́n yín, kí ẹ sì jèrè gbogbo àwa tí ẹ tọ́.

Èmi ni ọmọ iṣẹ́ yín tí kò gbàgbé yín,
Adákẹ́.

Àfikún: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú wọn bá béèrè mi, ẹ ní kó kọ̀wé sí mi. Ìlà méjì náà tó. Bó jẹ́ pé ẹ̀rọ ta ló tún ń já òwú ló fẹ́ sọ, mo fẹ́ gbọ́.