Mọ́tò Wa Ga Ju Ẹsẹ̀ Bàbá Yín Lọ

Abà Ọlọ́pẹ́dé,
Lẹ́yìn Mọ́níyà.

Kifayah Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àláékùmù. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, omi òjò tí ẹ ní ó ń wọ yàrá yín lọ́jọ́sí ńkọ́, ṣé ó ti fà? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìlú Èkó gbé yín mì. Gbogbo wa níbí ń kí ọ. Ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ yá, àmọ́ kì í ṣe àìsàn, ó kàn ti rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí débi pé bí mo bá ti jókòó, mo máa ń kọ́kọ́ ro bí n ó ṣe dìde kí n tó dìde. Fóònù ni ǹ bá fi bá ọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gùn, bí mo bá sì sọ ọ́ dé àárín, fóònù á já a sí méjì, á mú apá kan dání, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá yín ti ṣubú lẹ́nu kànga, tí wọ́n sì ti fi irin sí wọn ní ìbàdí, ni nọ́ọ̀sì ọsibítù ti sọ pé kí wọ́n máa wá kí àwọn máa bá wọn na ẹsẹ̀ náà, pé bí wọn kò bá wá, bó ṣe ká yìí ló máa gbẹ sí. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n ní kì í ṣe ọsibítù ni àwọn ń sá fún, ọ̀nà ni. Ìwọ náà mọ ọ̀nà wa, o sì mọ mọ́tò ògbólógbòó wa, èyí tí Sàníù àbúrò wọn fi ń kó gàrí lọ sí Ṣáṣá lójoojúmọ́. Gbogbo kòtò tí mọ́tò yẹn bá bọ́ sí, ìbàdí bàbá yín ló ń gbà á. Nígbà tí a fi dé ọsibítù lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti fi eyín gé ètè ara wọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn jókòó jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́, tí o ní kí n má sunkún, pé àwọn irin tó ń gba kòtò lábẹ́ mọ́tò, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì, ló ti kú, pé kí a má wulẹ̀ ra irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a ṣe ọ́gúréèdì. Mo bi ọ́ pé kí ni ọ́gúréèdì, o ní kí a gbé e ga ni. Ohun tí o sọ nìyẹn, Kifayah, kí a gbé e ga. Owó tí o fi ránṣẹ́ náà wọlé, mo gbọ́ tí fóònù dún. Láti ìgbà náà ni mi ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù náà pe ènìyàn, kí owó rẹ má baà bá ìpè lọ. Sàníù fẹ́ fi pe oníbàárà rẹ̀, mo lọ fi í pamọ́ sínú ìkòkò àgbàdo. Obìnrin oní-POS ló sọ fún mi pé owó ìpè yàtọ̀ sí owó báńkì, ṣùgbọ́n ó ti kó owó lé mi lọ́wọ́ tán kó tó sọ ọ́, n kò sì mọ̀ bóyá ó kàn ń tù mí nínú ni.

Èmi àti Sàníù lọ sí Gate níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Orí lọ́tọ̀, ìfun lọ́tọ̀, ojú lọ́tọ̀, bí ìsọ̀ alápatà. Oòrùn mú, ilẹ̀ ń yọ̀ nítorí epo, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wú. Mo mú àwòrán ṣọ́ọ̀kì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù jáde, mo fi han ọkùnrin tó ń tà á, mo sì tọrọ àforíjì pé èyí tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ kò gùn ju ìka mi lọ, pé mọ́tò wa tóbi ju ìyẹn. Ó wò mí, ó gbé àpótí fún mi, ó ní kí n jókòó. Ọmọlúàbí ni. Ó bi wá pé kí la fi mọ́tò náà ń kó. Sàníù ní gàrí, àpò gàrí kanlẹ̀ kan òrùlé. Èmi ní ọmọ mi ní kí a gbé e ga. Ó ní ó ti yé òun, ó sì kó ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tó le, tó sì ga, fún wa. Nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó dárúkọ ìbàdí bàbá yín.

Ọlọ́runyọmí, mẹkáníìkì tó wà ní Mọ́níyà, ló bá wa dè é, iwájú àti ẹ̀yìn. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mọ́tò náà dúró bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo àgbàlá ẹlòmíràn lórí ògiri. Inú mi dùn, torí pé ó ga lóòótọ́. Sàníù ń yí i po, ó ní kò sí òkúta tí yóò tún kan ikùn rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bọ̀ wálé, eyín mi ń pàdé ara wọn lẹ́nu. Mo ní bóyá torí pé ó ṣì jẹ́ tuntun ni, bí bàtà tuntun ṣe ń gé ni lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì bàbá yín wẹ̀, wọ́n dé fìlà, wọ́n fi igi wọn jáde. Sàníù ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò dé ibi tó yẹ kó dé. A gbé àpótí sílẹ̀ kí wọ́n fi gùn ún, ẹsẹ̀ tó dáa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Sàníù ní kí òun gbé wọn. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe àpò gàrí. Wọ́n wá jókòó sórí àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n ń wo mọ́tò. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí Kifayah, kí n sọ fún un pé mọ́tò náà dára. Wọ́n ní kí a mú àwọn wọlé. Àwọn fúnra wọn ló ṣí fìlà, tí wọ́n fi í kọ́ sára ìṣó. Mo wọ ilé ìdáná, mi ò dáná.

Mo sọ fún Sàníù pé kó lọ tú irin náà. Ó ní báwo, pé òun ń bọ́ ọmọ nínú mọ́tò yìí, pé àpò gàrí tí òun ń kó báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò pariwo, ó kàn gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agbára ìjà kò sí lára mi, mo fi í sílẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bó bá sì ti dé, á wọlé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí bàbá yín ń bi í pé ṣé igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà níbi ìsọdá odò ṣì wà, ṣé wọ́n ti ta ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ẹni tó ń bèèrè ìlú tó ti kó kúrò. Sàníù ní ó ṣì wà. Ó jáde lọ dúró sídìí mọ́tò.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, mọ́tò ti wálẹ̀. Ó ní òun rí awakọ̀ kan ní Ṣáṣá tó ní irú mọ́tò wa, tó ń fi kó iṣu. Ọkùnrin náà ra sípíríǹgì tòkunbọ̀ tó rọ̀, iṣu ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń wá èyí tó le. Ni wọ́n bá ṣe pàṣípààrọ̀. Mo bi í pé gàrí ńkọ́. Ó ní òun á máa lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé korobá, ó lọ wẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, bàbá yín kọ́kọ́ fi ìdí lé ìjókòó mọ́tò, wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n sì jókòó dáadáa. Nígbà tí a fẹ́ dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ jù, mo di ẹ̀yìn ìjókòó wọn mú, mo ń pe bisimilai lábẹ́ ètè. Mọ́tò náà rì, ó sì rọra dìde padà bí ẹni mí kanlẹ̀. Mo ń retí igbe wọn. Bàbá yín ní oko ta ni koríko gbà báyìí. Sàníù ní ti Roheem ni. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni Roheem, pé bàbá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní kí ló dé tí Sàníù ń wa mọ́tò bí ẹni gbé ẹyin, ṣé ó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá àwọn lọ́nà ni. Kifayah, mo fi ìborùn bo ojú mi lẹ́yìn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹsẹ̀ náà ti ń fẹ́ gan, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, a kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Nǹkan tó kù ni pé Sàníù ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò nítorí gàrí, pákó ni mò ń jókòó lé lọ, lé bọ̀. Iwájú ni bàbá yín wà, wọn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Bá mi fi owó tìmùtìmù ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún epo Sàníù, nítorí òun kò ní bèèrè. Bàbá yín jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ní kí n má tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, pé o ti ṣe é tó. Mo ti gbọ́ tiwọn. Fi ránṣẹ́.

Ibi tí o bá tẹ ẹsẹ̀ sí kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn tí o bí yóò gbọ́ ìpè rẹ bí o ṣe gbọ́ tiwa. Àmíìn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàjàrá.