Kí Rájí Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Dá Iye Iṣẹ́ Rẹ̀

Èmi, Ọmọ́ṣọlá Abẹ́bí Ọláòṣebìkan, opó Albert Ọláòṣebìkan, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, tí wọ́n bí sí Railway Quarters ní Kano, tí mo sì ń gbé ní Enugu Road, Sabon Gari, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ojú mi ríran dé ibi tí mo ń kọ̀wé sí. Ẹnikẹ́ni kò tì mí, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Èyí tí mo kọ ní ọdún 2019 ti di pépà ìdáná láti òní lọ. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ọmọ mi méjèèjì, Caleb àti Fìyìnfólúwa; àbúrò mi Olúmúyìwá, tó jẹ́ máníjà iléeṣẹ́ ìfọkápẹ́ẹ̀tì wa; Rájí, tó ń gba iṣẹ́ fífọ̀ lọ́wọ́ wa; àti Lọ́yà Adédoyin, tí mo yàn láti mójú tó ogún náà.

Kí n tó pín ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó bàjẹ́ àti àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnì kan dìde lẹ́yìn òkú mi kó ní òun kò gbọ́.

Ohun tó bàjẹ́ nìyí. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò ń rọ̀, èmi àti òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan jọ tọwọ́ bọ̀wé pé a ó máa fọ gbogbo kápẹ́ẹ̀tì wọn fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n ń san lórí mítà kan ní ìbú àti òró. Lẹ́yìn tí mo ti fọwọ́ síwèé tán ni mo pe Rájí pé kó wá ṣe iṣẹ́ náà, mo sì bi í pé èló ni yóò gbà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ bá rí." Mo kọ irinwó náírà sílẹ̀. Mo rò pé a ti nájà tán.

Oṣù Jánúárì dé, ọyẹ́ dé. Ẹni tó bá ń gbé Kano mọ̀ pé kápẹ́ẹ̀tì oṣù Ògọ́ọ̀sì àti ti oṣù Jánúárì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èyí tó bá ti jẹ iyanrìn ọyẹ́ yó, ẹ kò gbọdọ̀ da omi sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ ni yóò dì nínú irun rẹ̀. Ẹ ó gbé e kọ́, ẹ ó fi ọ̀pá lù ú lẹ́ẹ̀mejì kó pọ ohun tó jẹ, kí ẹ tó máa wá omi. Omi náà kò sì sí. Bọ́ọ̀hólù àgbàlá wa gbẹ, Rájí ń rà á lọ́wọ́ mẹ́rúwà, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì. Kò sí mítà kan tó fọ̀ lásìkò yẹn tí kò ná an tó ẹgbẹ̀ta náírà. Irinwó ni mo ń san. Lórí mítà kọ̀ọ̀kan ló ń fi igba náírà ta èmi àti òtẹ́ẹ̀lì lọ́rẹ, kò sì wí nǹkan kan.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ní oṣù Máàṣì, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Collins, tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ ní Enugu Road níbí, láti ra wáyà iná. Mo rí ẹ̀rọ kan nílẹ̀, irú èyí tó ń fa omi jáde lára kápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà A gàgàrà sí lára. Ọwọ́ ọkọ mi ni. Ẹ̀rọ tí Albert gbé fún Rájí ní ọjọ́ tó kọ́ṣẹ́ tán lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ṣe fúrídọ̀mù ni. Collins wò mí títí, ó ní, "Mummy, na Raji sell am o. E say make I no tell you." Rájí ti ta ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè parí iṣẹ́ mi.

Àwọn tó mọ̀ nìyí. Collins mọ̀. Olúmúyìwá mọ̀: òun ló ń gba rìsíìtì omi lọ́wọ́ Rájí, tó ń kì wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ kí ilé lè tòrò. Caleb mọ̀, ohun tó sì rí sọ ni pé, "But he agreed, Mum." Rahinat, ìyàwó Rájí, mọ̀, òun nìkan ló sì gbìyànjú. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì ní oṣù Fẹ́búárì, ó ní, "Màmá, ọkọ mi ò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń sọ ọ́." Mo ní kó lọ kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú lẹ́tà, kó mú un wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè, torí mo ń kánjú. Lẹ́tà! Lọ́wọ́ obìnrin tó dúró síwájú mi, tó ní ẹnu. Ẹni tó kàn tó yẹ kó mọ̀ ni èmi fúnra mi, tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òwò, tí mo sì ń kọ́ àwọn ìyá ìjọ bí wọn yóò ṣe máa dá iye lé ọjà wọn.

Nígbà tí mo pe Rájí pé kí ló dé tí kò sọ, ó bojú wolẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé kí èmi náà wá máa bá yín ná an bí ẹni ń ná tòmátì ni?" Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbádùn. Ìtẹríba ọmọlúàbí ni mo gbà bí ẹni gba iye owó. Nínú ilé tí a ti tọ́ èmi àti Rájí, ọmọ kì í dá iye lé ara rẹ̀ níwájú àgbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì àṣà náà ni: ìdajì kejì ni pé kí àgbà wádìí ohun tí iṣẹ́ náà ń náni, kó sì ṣe ohun tó tọ́. Rájí ṣe tirẹ̀. Èmi kò ṣe tèmi.

Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe pín ohun ìní mi.

Èkíní: Ilé Enugu Road. Caleb ló ni òkè, Fìyìnfólúwa ló ni ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni àtẹ̀gùn, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Fìyìnfólúwa, ogójì ọdún ni mo fi ń bá ọ sọ Yorùbá, tí o ń fi èdè Haúsá dá mi lóhùn pé o ti gbọ́: "To, Mama, na ji." Mo bínú títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ ń lọ, ìwọ lo jókòó tì í tí o ń ka orin ìjọ fún un ní Yorùbá, tí ahọ́n rẹ kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò tíì sọ fún ọ pé mo gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́. Caleb, n kò bá ọ jà lórí gbólóhùn tí o sọ. Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni mo ń tún kọ yìí.

Èkejì: Àgbàlá ìfọkápẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn Railway Quarters, pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, okùn ìsákápẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínlógún àti bọ́ọ̀hólù tó ń gbẹ náà, mo fi fún Rájí. Kì í ṣe àyálò. Tirẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni Albert ti kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá Albert ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń dá iye. Á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì náà. Á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, á gbọ́ òórùn ọwọ́ rẹ̀, á gbé etí rẹ̀ sókè bí ẹni ṣí ewé móínmóín wò. Á wá bi ẹni tó máa fọ̀ ọ́ pé, "Kí lo rí?" kó tó dá oníbàárà lóhùn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá Caleb, ẹ dìde nílẹ̀, ẹ lo téèpù." Nígbà tó kú, mo fi téèpù rọ́pò orúnkún. Èmi tí mo kàwé ni mo wá gbàgbé ohun tí òun kò kàwé rárá kó tó mọ̀.

Ẹ̀kẹta: Ẹ̀rọ tó ní lẹ́tà A lára. Mo ti rà á padà. Collins fẹ́ gbé e fún mi ní iye tó rà á. Mo san èrè rẹ̀ lé e, torí mo ti ń kọ́gbọ́n. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ogún, ti Rájí ni látẹ̀yìnwá. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹlòmíràn má baà gbé e. Rájí kò gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní òun yóò fi owó òun rà á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ló wà láti oṣù Máàṣì, tí mo ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ láràárọ̀. Rájí, ìka ẹsẹ̀ ń dùn mí. Wá gbé ẹ̀rọ rẹ.

Ẹ̀kẹrin: Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ti Caleb àti Fìyìnfólúwa lọ́gbọọgba, Olúmúyìwá sì ni máníjà títí yóò fi wù ú láti sinmi. Ṣùgbọ́n òfin kan dè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ síwèé pẹ̀lú oníbàárà kí ẹni tí yóò fọ kápẹ́ẹ̀tì náà tó kúnlẹ̀ lórí rẹ̀ kó sì sọ iye tirẹ̀. Tirẹ̀ la ó kọ́kọ́ dá, tiwa ni yóò gùn ún lórí. Iye òjò lọ́tọ̀, iye ọyẹ́ lọ́tọ̀. Owó mẹ́rúwà kò sí nínú èyíkéyìí, iléeṣẹ́ ni yóò san án. "Ohun tí ẹ bá rí" kì í ṣe iye. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́, ẹ fún un ní àga, ẹ tún bi í. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jọ ka ohun tí iṣẹ́ náà yóò ná an, ẹ fi èrè lé e lójú rẹ̀, kó tó fọwọ́ sí i. Bí ohun tó kù fún wa kò bá tó, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a kò lè jèrè lórí rẹ̀ àfi tí ẹlòmíràn bá ta ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́.

Ẹ̀karùn-ún: Olúmúyìwá, àbúrò mi, aago réluwé bàbá wa jẹ́ tìrẹ. Ọdún méjì la fi yan ara wa lódì nítorí aago yìí, tí Albert ń bá wa gbé iṣẹ́ ẹnu lọ gbé e bọ̀ bí ọmọdé. Gbà á, kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Mo fi akọ tòlótòló mi náà fún ọ, torí ó mọ̀ ẹ́ ju gbogbo wa lọ: kò sí ẹlòmíràn tó ń lé dé géètì. Tábìlì ọ́fíìsì náà jẹ́ tìrẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo ti ní kí káfíńtà yọ dúrọ́ọ̀ rẹ̀. O fẹ́ kí ilé tòrò, mo mọ̀. Láti kékeré lo ti ń fi ara rẹ bo ìjà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n rìsíìtì kì í ṣe ìjà, àbúrò mi. Mú un wá fún mi.

Ẹ̀kẹfà: Rahinat ni kó gba fìríìsà ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀, fún sóbò tó ń tà. Kó gba àga onítìmùtìmù tó wà níwájú tábìlì mi pẹ̀lú. Àga tí n kò fi lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé yìí, torí òun ló ní ẹnu jù nínú gbogbo wa, ṣùgbọ́n Lọ́yà Adédoyin ní ẹni tó bá jogún, àti ọkọ tàbí aya rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́rìí. Mo gbà.

Èkeje: Ìsìnkú. Kó má kọjá ọjọ́ mẹ́jọ. Kí wọ́n sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Albert, níhìn-ín ní Kano. Ẹ má gbé mi rìnrìn-àjò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí n kò gbé rí. Mo mọ̀ pé Rájí yóò fẹ́ fọ kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí mi. Ẹ má gbà fún un. Ẹ san iye rẹ̀ kó tó wọlé.

Lọ́yà sọ fún mi pé ìwé ìhágún kì í sọ̀rọ̀ títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi kú. N kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ẹ̀dà kan lé olúkúlùkù yín lọ́wọ́ lónìí. Ọyẹ́ ti ń bọ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, òtẹ́ẹ̀lì náà fẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé ọdún tuntun.

Rájí, ọmọ mi, ìwọ ni ìyókù ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Lọ sí òtẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀la, kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn bí ọ̀gá rẹ ṣe kọ́ ọ. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ iye méjì sínú pépà, ti òjò àti ti ọyẹ́, kí o mú un wá bá mi. Bó bá kéré jù, màá dá a padà fún ọ. Bó bá pọ̀ jù, a ó jọ ná an bí tòmátì, inú mi yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ "ohun tí ẹ bá rí" sí i, màá gbé ìwé òtẹ́ẹ̀lì náà padà fún wọn láìfọwọ́ sí i, gbogbo wa yóò sì pàdánù rẹ̀. Má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Àga wà. Agogo méjìlá ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Enugu Road, Sabon Gari, Kano, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ọ̀kítóbà, ọdún 2025.

Ọmọ́ṣọlá Abẹ́bí Ọláòṣebìkan

Àwọn ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ nígbà tó fọwọ́ sí i, tí àwọn náà fọwọ́ sí i lójú rẹ̀:

Collins Nwafor, oníṣọ́ọ̀bù àlòkù ẹ̀rọ, Enugu Road

Múdàṣírù Àjàdí, télọ̀, Sabon Gari