Kọ́kọ́rọ́ Ìkọ̀kọ̀ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Àríyọ̀

                                        Ibi tí mo wà báyìí,
                                        n kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Àríyọ̀, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Morẹ́nikẹ́ aya rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ìyá rẹ lẹ́nu nígbà òjò ti lọ? Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ṣakí ńkọ́, ṣé iná ń wá? Inú tó ń bí mi fẹ́ kí n fo gbogbo ìkíni yìí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò ṣẹ̀ mí, àwọn ọmọ rẹ kò sì ṣẹ̀ mí. Bá mi kí wọn dáadáa. Ìwọ nìkan ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Èmi, Misturat ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà láàyè, a dúpẹ́. A ti kúrò ní Ofiki. Iṣu mi ṣì wà nínú ebè, n kò sì mọ ẹni tí yóò bá mi wà á. Bí o bá ti gbọ́ èyí tẹ́lẹ̀, kò ní yà mí lẹ́nu.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má baà ní mo kàn fẹ̀sùn kàn ọ́. O mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti wọ ilẹ̀ wa tí wọ́n sì ba odò jẹ́, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àgbẹ̀ ní Ìbàdàn ti ní kí n máa kọ ohun tí mo bá rí ránṣẹ́ sí àwọn. Wọ́n fún mi ní kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan àti ímeèlì tí kò ní àwòrán, tí kò ní àwọ̀, lẹ́tà funfun lásán lórí ilẹ̀ dúdú, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ofiki kò lè gbé ju ìyẹn lọ. Gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé tàbí tó bá jáde ni wọ́n ń tì pa. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí wọn lọ́dọ̀ mi, fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, kò sí níbòmíràn àfi inú kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tó le fún mi láti lò, ta ni mo tọ̀ wá bí kò ṣe ìwọ? O rẹ́rìn-ín, o ní ká ní iná ti dé nígbà ayé àwọn bàbá ńlá wa, irú ímeèlì yìí ni wọn ì bá máa lò. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní Oṣù Kẹjọ ni wàhálà dé. Bí mo bá ti ṣí ímeèlì náà, yóò kọ ọ́ sójú pé ìwé-ẹ̀rí tó ń fi hàn pé ojúlówó ni kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà wa ń gbà kọjá kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé ṣé kí òun kọ̀ ọ́ ni, àbí kí òun gbà á lẹ́ẹ̀kan, àbí kí òun gbà á títí láé. Mo pè ọ́. O ní kí n tẹ títí láé. Mo tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún béèrè ohun kan náà. Ìgbà náà lo wá sọ pé kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ mi ló bàjẹ́, pé òun ló ń da ìwé-ẹ̀rí náà láàmú, kí n fi kọ́kọ́rọ́ náà, páswọ́ọ̀dù rẹ̀ àti ti ímeèlì mi ránṣẹ́ kí o lè bá mi tún un ṣe. Misturat bi mí pé ṣé ó yẹ kí n kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní ṣé Àríyọ̀ náà ni ó ń pè ní èèyàn. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ kí oúnjẹ tó tutù lórí tábìlì.

Ṣé o rántí ọ̀gá àwọn awakùsà, ẹni tó máa ń fi áńkáṣíìfù bo imú bí ó bá ń kọjá ní àárín wa? Nínú lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo ti pè é ní Bomúbomú, láti fi pa Sodiqat lẹ́rìn-ín, ìyẹn obìnrin tó ń gba lẹ́tà mi ní Ìbàdàn. N kò sọ orúkọ náà lẹ́nu rí, n kò tilẹ̀ sọ ọ́ létí Misturat. Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìgànná, wọ́n ń tún okadà mi ṣe, ni ọkọ̀ ọkùnrin náà bá dúró tì mí. Ó yọ áńkáṣíìfù kúrò nímú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ládòkun. Èmi Bomúbomú ni. Ẹ bá n kí ìyàwó o." Ó sì lọ. Mẹkáníìkì ń bi mí pé ta nìyẹn, mo ní kó yára parí iṣẹ́.

Mo pe Sodiqat. Ó ní kí n ka déètì tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún òun. Ọdún tí wọ́n ṣe é ni ó ń kọ. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló ti kú, bí iná bá ti lọ, aago rẹ̀ yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìwé-ẹ̀rí ọdún yìí yóò wá dà bí ọmọ tí a kò tíì bí lójú rẹ̀. Mo tún déètì ṣe, ó sì dákẹ́. Sodiqat wá béèrè bóyá mo ti gbìyànjú nǹkan mìíràn ṣáájú. Nígbà tí mo sọ ti kọ́kọ́rọ́, ó ní kí n tún un sọ. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí rárá. Bí ilẹ̀kùn bá ń ké, káfíńtà kì í béèrè kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ. Ìwọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, Àríyọ̀. Iṣẹ́ tí o fi ń jẹun ni. Ká ní o kò mọ̀ ni, ǹ bá pè é ní àṣìṣe, ǹ bá sì lọ sùn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bàbá Morẹ́nikẹ́ ló fa ilẹ̀ lé àwọn awakùsà lọ́wọ́. Ó wá yé mi. Àna ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń kọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ṣé o kò lè wá bá mi, kí o ní, "Ládòkun, àna mi ló wà nídìí ẹ̀ o, má kọ ọ́ mọ́"? À bá jọ jà, ohùn wa ì bá ròkè, ṣùgbọ́n ǹ bá mọ ibi tí mo dúró sí. O jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó dùn mí gan-an, n kò ní purọ́ fún ọ.

Mo ti pa kọ́kọ́rọ́ náà. Bí a bá fẹ́ pa á, kọ̀ǹpútà máa ń béèrè ìdí: ṣé ó ti gbó ni, ṣé a kò lò ó mọ́ ni, àbí ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo jókòó ti ìbéèrè yẹn pẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n ní ó ti gbó. Ti ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo mú níkẹyìn, ìkìlọ̀ náà sì ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí mò ń kọ̀wé sí. Wọn kò béèrè orúkọ ẹni tó gbà á, n kò sì kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n pípa tí mo pa á kò ti àwọn lẹ́tà àtijọ́; ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ ṣì lè ṣí wọn. Lẹ́tà kan wà lẹ́yìn èyí tí mo ti kọ Bomúbomú. Orúkọ ẹnì kan wà nínú rẹ̀, ẹni tó ya fọ́tò àwọn kòtò tí àwọn awakùsà gbẹ́ fún mi. Ẹni náà kì í ṣe ọmọdé. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí kí ó kúrò lóko, ó ní òun kò ní fi oko òun sílẹ̀ àfi bí ó bá dá òun lójú pé orúkọ òun ti jáde. Bí o kò bá ṣí lẹ́tà yẹn, o kò mọ ẹni tí mò ń wí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kó rí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dá ìwé yìí padà fún ẹni tó mú un wá, má kọ nǹkan kan sí i. Bí o bá ti ṣí i tí o sì mọ orúkọ ẹni náà, kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó mú un wá kò mọ ibi tí mo wà, ẹlòmíràn ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà má wulẹ̀ bi í.

Bá mi kí Morẹ́nikẹ́, kí ìyá rẹ, kí àwọn ọmọ. Má fi lẹ́tà yìí han Morẹ́nikẹ́, bàbá rẹ̀ ni. Nípa gbogbo nǹkan yòókù, o lè purọ́ fún mi bó bá ṣe wù ọ́, mo ti gbà. Má purọ́ lórí èyí. Bí ìwé náà bá padà láìní nǹkan lẹ́yìn, màá sọ fún ẹni náà pé kó máa sùn lóko rẹ̀.

Èmi ni, tí mo ti ń jẹ́ tìrẹ láti kékeré,

Ládòkun