Orí Keje Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ìwé Bàbá Kálàmù

Ajé, 5 Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2004
Ìwé dé láti ilé ìtẹ̀wé, ká yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà ìkẹyìn. Orí keje kò sí! Orí tó sọ bí àwọn Sevantilal ṣe ti ilé iṣẹ́ òwú wọn mọ́ òṣìṣẹ́ lójú, tí wọ́n ta ilẹ̀ ibẹ̀ fún olówó. Èmi ni mo fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fún Bàbá Kálàmù, òǹkọ̀wé tí mò ń bá ṣiṣẹ́, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Bàbá mi, tó lo ayé rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ ibẹ̀, ló sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Mo bi Bàbá Kálàmù léèrè. "Ìwé ti gùn jù, Hemlata." Kò wojú mi.

Irọ́.

Ọjọ́rú, 7
Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi ni Bàbá Kálàmù ti ń kọ̀wé lórí ọrọ̀ ajé nínú ìwé ìròyìn Mumbai. Ìjọba wá, ìjọba lọ, kò yíhùn. Òun ló máa ń kìlọ̀ fún mi: "Má fi òǹkà bo èèyàn mọ́lẹ̀." Ta ló wá ń bo èèyàn mọ́lẹ̀ báyìí?

Ìṣẹ́gun, 13
Ilé ìtẹ̀wé ti pe àlejò pàtàkì fún ìkójáde ìwé — ọmọ Sevantilal! Mi ò fi ṣúgà sí tíì Bàbá Kálàmù. Ó mu ún tán.

Àbámẹ́ta, 17
Níbi ìkójáde ìwé, ọmọ Sevantilal fi ṣọ́ọ̀lù bo Bàbá Kálàmù léjìká, ó gbé àgbọn lé e lọ́wọ́, bí a ti ń yẹ́ àgbà sí. "Bàbá wa, ẹ pẹ́ fún wa o!" Bàbá wa! Bàbá mi wà lẹ́yìn pátápátá, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀, òun náà ń pàtẹ́wọ́.

Àìkú, 18
Mo tú u síta nílé. Mo ní mi ò ṣiṣẹ́ fún Bàbá Kálàmù mọ́, ṣọ́ọ̀lù ni wọ́n fi rà á.

Bàbá mi ní, "Panu mọ́." Ó ní òun fúnra òun ló lọ bẹ Bàbá Kálàmù kó yọ orí keje. Àwọn Sevantilal fẹ́ fún òṣìṣẹ́ àtijọ́ nílé. Ẹni tó bá bà wọ́n lórúkọ jẹ́ kò ní rí gbà. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde. Ó ní òun á yọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni kí n sọ fún ọ. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi sọ."

Mo ní, "Ẹ wá ń pàtẹ́wọ́ fún wọn!"

"Orúnkún ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé o ò rí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láràárọ̀, táá lọ tò nídìí ilé ìgbẹ́ tí gbogbo ilé ń lò? Ilé tí wọ́n fẹ́ fún wa yẹn ní ilé ìgbẹ́ tirẹ̀ nínú."

Inú ṣì ń bí mi. Ìyá mi ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.